Ilẹ̀ Tí A Ń Gbẹ́, Kí Ó Má Bò Wá Mọ́lẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa ní Atosin, Ìdànrè)

 

Ní ìpàdé tó kọjá, ẹ ní kí a wá ṣàlàyé ohun tó fà á tí ilẹ̀ fi ya bo arákùnrin wa nínú yàrà. Ẹnìkan láàárín yín bi wá ní ìbéèrè tí a kò lè dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ó ní: “Ilẹ̀ tó le bí òkúta láàárọ̀, báwo ló ṣe di ẹ̀kọ lọ́sàn-án?” A lọ wádìí. A bi àwọn bíríkìlà àgbà, a bi àwọn tó mọ iṣẹ́ ọ̀nà ṣíṣe, a sì tún ṣí ìwé tí a kà nílé ẹ̀kọ́ alẹ́. Ohun tí a rí ni a mú wá síwájú yín lónìí. Ẹ má pè é ní ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a rán àwọn tí kò sí níbẹ̀ létí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, agbaṣẹ́ṣe kan gba díẹ̀ nínú wa láti gbẹ́ yàrà tí wọ́n fẹ́ ri páìpù omi sí. Yàrà náà jìn ju orí ẹni tó ga lọ. Òjò ti rọ̀ fún òru méjì. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ojú ògiri yàrà ń dán, àpá dígà hàn lára rẹ̀ bí ìgbà tí a fi ọ̀bẹ gé ọṣẹ. A bèèrè pákó tí a ó fi gbé ògiri méjèèjì ró. Fóómànù ní: “Ilẹ̀ pupa nìyí, kò lè ya. Ẹ má fi àkókò ṣòfò.” Etí yàrà gan-an ni a ń kó erùpẹ̀ tí a gbẹ́ sí. Nígbà tó ṣe, típà kan gbé òkúta wẹ́wẹ́ wá, ó sì dúró nítòsí ibẹ̀.

Kí a tó jẹun ọ̀sán, apá kan ya lulẹ̀. Ó bo ọ̀kan nínú wa dé àyà. A ju ṣọ́bìrì nù kí a má baà fi gé e lára, ọwọ́ ni a fi gbẹ́ ẹ jáde. Ó wà láàyè, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń lọ sílé ẹ̀kọ́.

A gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ kan tó korò. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, àwa kan rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lórí ilẹ̀, bí ìgbésẹ̀ kan sí etí yàrà, ó gùn bí okùn tí a nà sílẹ̀. A rí i, a sì fẹsẹ̀ gbá erùpẹ̀ dí i. A kò pariwo. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ̀ ọ́. Ògiri ti lanu lójú wa, a sì dákẹ́. Nítorí náà ni a ṣe ní kí a wá kọ́ ohun tí ìlà yẹn ń wí, kí ó má baà tún bá wa lójijì.

Agbára méjì ló di ilẹ̀ mú

Bí ilẹ̀ bá ń wó, apá kan rẹ̀ ló ń yọ̀ kúrò lórí apá kejì. Ẹ to páànù mẹ́wàá lé ara wọn, kí ẹ fi ọwọ́ ti àwọn ti òkè. Ẹ ó rí i pé ibì kan wà tí àwọn òkè á ti yọ̀ lọ, tí àwọn ìsàlẹ̀ á dúró. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ilẹ̀ ń ṣe nínú. Agbára tí ilẹ̀ fi ń kọ̀ láti yọ̀ báyìí ni ẹ̀mí wa rọ̀ mọ́ nígbà tí a bá wà nínú yàrà.

Ọmọ Faransé kan tó ń jẹ́ Charles-Augustin Coulomb ló kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀ yanjú. Ẹnjiníà ológun ni, ọdún 1736 ni wọ́n bí i. Wọ́n rán an lọ sí erékùṣù Martinique láti kọ́ odi agbára, ó sì lo nǹkan bí ọdún mẹ́jọ níbẹ̀, tí àìsàn ń bá a fínra. Ògiri tó ní láti dá òkìtì ilẹ̀ dúró ló ń kọ́ lójoojúmọ́. Nígbà tó padà sílé, ní 1773, ó ka ohun tó rí fún àwọn ọ̀mọ̀wé ní Paris. Ó ní agbára méjì ni ilẹ̀ ní: ọ̀kan ni ìlẹ̀mọ́ra, èkejì ni ìdìmú. Ẹ gbọ́ eléyìí náà: ọkùnrin yìí kan náà ló tún wá wọn iye iṣẹ́ tí ara ènìyàn lè ṣe lóòjọ́ kí àárẹ̀ tó borí rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí ilẹ̀ ṣe ní ibi tó lè fara dà á dé, bẹ́ẹ̀ ni òṣìṣẹ́ náà ní.

Ẹ̀yin awakọ̀ ni ìdìmú máa kọ́kọ́ yé, nítorí òun ni bíréèkì yín. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì fẹ́ẹ́rẹ́, láínì á kan dúrọ́ọ̀mù fẹ́ẹ́rẹ́, ọkọ̀ á ṣì máa yí lọ. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa, láínì á di dúrọ́ọ̀mù mú gírígírí, táyà á dúró. Gọ́ọ̀mù kò sí láàárín wọn. Bí ìtẹ̀mọ́ra bá ṣe pọ̀ tó ni ìdìmú á ṣe pọ̀ tó. Hóró yanrìn náà ń di ara wọn mú báyìí: ìwúwo ilẹ̀ tó wà lókè ló ń tẹ̀ wọ́n mọ́ra.

Ẹ wo gààrí lọ́jà. Bí ìyá onígààrí bá ń da gààrí gbígbẹ sórí àtẹ, òkìtì á ga dé ìwọ̀n kan, lẹ́yìn náà bó ti ń dà á sí i ni yóò máa yọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sí ẹni tó lè fi gààrí gbígbẹ mọ ògiri. Yanrìn gbígbẹ bá a dọ́gba: ẹ̀gbẹ́ òkìtì rẹ̀ máa ń dà sí nǹkan bí ìwọ̀n dígírì 30 sí 35, kò ní dúró ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní ìdìmú, kò ní ìlẹ̀mọ́ra.

Amọ̀ ló ní ìlẹ̀mọ́ra. Ó kúnná púpọ̀, hóró rẹ̀ ń fà mọ́ ara wọn. Ìdí nìyí tí àwọn baba wa fi ń fi amọ̀ mọ ilé ní ìpele ìpele, tí wọ́n ń jẹ́ kí ìpele kan gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Yangí tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé irin inú ilẹ̀ ti dípàtà, ó sì so hóró pọ̀ bíi sìmẹ́ńtì.

Ilẹ̀ tiwa ní Atosin níbí, àdàlù méjèèjì ni. Inú àpáta tó yí wa ká ló ti wá. Bí òjò àti oòrùn bá ti ń jẹ àpáta náà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, èyí tó funfun tàbí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú nínú rẹ̀ á jẹrà di amọ̀. Èyí tó ń dán bíi gíláàsì kì í jẹrà, òun ló ń di yanrìn. Irin inú rẹ̀ ló dípàtà tó sọ ilẹ̀ di pupa. Nítorí náà, fóómànù kò parọ́ nígbà tó ní ilẹ̀ pupa le. Ohun tó gbàgbé ni omi.

Iṣẹ́ tí omi ń ṣe

Ẹ padà sídìí gààrí. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, ẹ lè fọwọ́ mọ ọ́n bó ṣe wù yín. Omi díẹ̀ yẹn ló fa hóró mọ́ra. Ẹ da omi púpọ̀ sí i, ó di gààrí mímu. Ilẹ̀ tí a gbẹ́, tó ń dúró gbagidi láàárọ̀, ọ̀rinrin díẹ̀ inú rẹ̀ ló ń ràn án lọ́wọ́ nígbà púpọ̀. Bí oòrùn bá fà á gbẹ, ìrànlọ́wọ́ yẹn á lọ. Bí omi bá tún wọlé láti ẹ̀yìn, á lọ pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí yàrà fi lè dúró fún wákàtí mélòó kan, tàbí fún odidi ọjọ́ kan, kó tó wá ya nígbà tí ọkàn gbogbo ènìyàn ti balẹ̀. Pé kò tíì ya kì í ṣe ẹ̀rí pé kò ní ya.

Ẹni tó là wá lójú sí ọ̀ràn omi yìí ni Karl Terzaghi, tí wọ́n bí ní 1883, tó sì tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí rẹ̀ ní 1925. Ó ní bí omi bá kún àárín hóró ilẹ̀, omi náà á máa ru nínú ẹrù tó yẹ kó tẹ hóró mọ́ra. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní ìwúwo tọ́ọ̀nù 10 ló ń tẹ ibì kan nínú ilẹ̀ yanrìn, ìdìmú rẹ̀ lè tó tọ́ọ̀nù 6. Bí omi bá wọlé, tó ru tọ́ọ̀nù 5 nínú ẹrù yẹn, 5 péré ló kù tó ń tẹ hóró mọ́ra. Ìdìmú á wá sílẹ̀ di tọ́ọ̀nù 3. Ilẹ̀ kò dín kù, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ ti di ìdajì. Bí omi ṣe wọ àárín láínì àti dúrọ́ọ̀mù nìyẹn.

Ẹ̀yin awakọ̀, òun náà ló ń ba ọ̀nà jẹ́ lábẹ́ táyà yín. Ọ̀dà jẹ́ òrùlé lásán. Ilẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ nísàlẹ̀ ni ilé gan-an. Bí gọ́tà bá dí, tí omi wọ abẹ́ ọ̀dà, ilẹ̀ á rọ̀, tírélà tó gbé ẹrù àgbéjù á gbà á kọjá, kòtò á yọ. Awakọ̀ tó ń kó kòkó jáde láti oko mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó gba ọkọ̀ òun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè gbé ọkọ̀ òun ṣubú lóṣù kẹsàn-án. Bí ẹ bá fẹ́ fi jáàkì gbé ọkọ̀ lórí ilẹ̀ tútù, ẹ fi pákó tó fẹ̀ tẹ́ abẹ́ rẹ̀, kí ìwúwo tàn ká.

Àpáta náà ní ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó

Àwa ará Ìdànrè ń fi àpáta yangàn, ó sì tọ́. Nǹkan bí ẹgbẹ̀ta mílíọ̀nù ọdún ni òkúta yìí ti wà. Àwọn baba wa gbé orí òkè yẹn kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ ní nǹkan bí 1923, àtẹ̀gùn tó lé ní 600 sì ni ẹni tó bá fẹ́ rí ìlú àtijọ́ ń gùn títí di òní. Ní 2007, wọ́n fi Òkè Ìdànrè sínú ìwé àwọn ibi tí a fẹ́ kí àjọ UNESCO gbà gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé. Òkúta akọ bí irú èyí le tó bẹ́ẹ̀ tí ibi tó fẹ̀ tó èékánná kan ṣoṣo lè ru ẹrù tó ju tọ́ọ̀nù kan lọ kó tó fọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tó ń fọ́ òkúta ká gbọ́. Wọn kì í lu òkúta níbi tó le. Wọ́n ń wá ìlà rẹ̀. Òkè wa ń bó ní ìpele ìpele bí àlùbọ́sà, ìlà sì wà láàárín ìpele kan sí èkejì. Lójú ìlà yẹn, ìlẹ̀mọ́ra ti tán, ìdìmú nìkan ló kù. Bí omi bá wọ ibẹ̀, tàbí gbòǹgbò igi, tàbí tí iná ìgbẹ́ bá ń gbóná sí i lọ́dọọdún, òkúta tó ti jókòó láti ìgbà ìwásẹ̀ lè sún. Bí àpáta ṣe lágbára tó, ojú ibi tó là ni ká fi díwọ̀n rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé sí ẹsẹ̀ òkè, kó kọ́kọ́ gbójú sókè wo ohun tó wà lórí rẹ̀, kó sì má gé gbogbo igi ẹ̀gbẹ́ òkè tán. Gbòǹgbò wọn ń di erùpẹ̀ mú.

Ohun tí ojú àwọn ẹlòmíràn ti rí

Ní Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 1966, ní abúlé Aberfan ní ilẹ̀ Wales, òkìtì ìdọ̀tí tí wọ́n kó jáde láti inú ibi ìwa-èédú yọ̀ wá sílẹ̀ láti orí òkè. Ó bo ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárọ̀, àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni. Ènìyàn 144 kú, ọmọdé sì ni 116 nínú wọn. Orí ìsun omi ni wọ́n kó òkìtì náà jọ sí, òjò sì ti rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wa èédú ló sáré jáde kúrò nínú ilẹ̀ wá fi ọwọ́ gbẹ́ ọmọ ara wọn. Kò sì ṣàìsí ìkìlọ̀: láti 1963 ni àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ti kọ lẹ́tà lórí ewu tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ náà. Ní 1967, ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀ràn yìí di ẹ̀bi rẹ̀ ru National Coal Board, tó ni ibi iṣẹ́ náà.

Nítòsí wa níbí, ní Freetown, olú-ìlú Sierra Leone, ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2017, lẹ́yìn òjò ọlọ́jọ́ mẹ́ta, ẹ̀gbẹ́ òkè kan ya ní agbègbè Regent. Ó lé ní 1,100 ènìyàn tó kú tàbí tí a kò rí mọ́. Wọ́n ti gé igi, wọ́n sì ti kọ́ ilé sí ara òkè. Àwọn tálákà tí kò rí ilẹ̀ mìíràn rà ló pọ̀ nínú àwọn tó lọ.

Yàrà tiwa kékeré ni, ṣùgbọ́n òfin kan náà ló ń ṣiṣẹ́. Erùpẹ̀ tútù tó kún àpótí tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó ga ní mítà kan, lè wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù méjì. Ìyẹn ni àpò sìmẹ́ńtì 40. Ẹni tí ilẹ̀ bá bò dé àyà, ìgbàkígbà tó bá mí jáde ni ilẹ̀ á tún fún un sí i. Kò pẹ́ tí èémí fi ń tán.

Ẹ fi ojú àti ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò

Kí a tó wọ yàrà láàárọ̀, àti lẹ́yìn òjò gbogbo, ẹ jẹ́ kí a wo nǹkan wọ̀nyí:

1. Ìlà lórí ilẹ̀ tó bá etí yàrà rìn. Ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya nìyẹn. Ẹ má fẹsẹ̀ dí i. Ẹ jáde, kí ẹ pariwo.

2. Ẹsẹ̀ ògiri tó wú síta, erùpẹ̀ tó ń já bọ́ díẹ̀díẹ̀, omi tó ń sun láti ara ògiri.

3. Ilẹ̀ tí ẹnìkan ti gbẹ́ rí tó sì dí padà. Ìlẹ̀mọ́ra rẹ̀ ti bàjẹ́, kò sí bó ṣe le lójú tó.

4. Ẹ bu ìṣù ilẹ̀ tó tó ìkúùkù, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Bí àtàǹpàkò bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ilẹ̀ náà rọ̀. Bó bá fọ́ di yanrìn lọ́wọ́ yín, kò ní ìlẹ̀mọ́ra tó tó nǹkan. Àyẹ̀wò yìí kò gba ipò pákó. Ó kàn ń sọ bí ewu ṣe pọ̀ tó ni.

5. Ọkọ̀ tàbí ẹ̀rọ tó ń gbọn ilẹ̀ nítòsí. Ẹ̀yin awakọ̀ típà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jìnnà sí etí yàrà. Ẹ̀mí àwọn tó wà nísàlẹ̀ wà lábẹ́ táyà yín.

Àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní òfin tó ní bí yàrà bá ti jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 5, ìyẹn mítà kan ààbọ̀, àfi kí wọ́n fi pákó tàbí irin gbé ògiri ró, tàbí kí wọ́n gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dà sẹ́yìn, àyàfi tó bá jẹ́ odidi àpáta. Erùpẹ̀ tí a gbẹ́ gbọ́dọ̀ jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 2 sí etí, àkàsọ̀ sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ẹran ara wọn kò dára ju tiwa lọ.

Ohun tí a ń bèèrè

Lẹ́yìn ìjàǹbá yẹn, wọ́n sọ fún wa pé àìṣọ́ra ọmọ wa ló fà á. A kò gbà. Ẹni tó gba pákó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kò lè bi í pé kí ló dé tí ògiri fi wó.

Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa mọ ẹ̀tọ́ wa. Lábẹ́ òfin Employees' Compensation Act ti ọdún 2010, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún iye owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún NSITF, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó wa. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, kí ẹ sọ fún agbanisíṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14. Kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì mú ẹ̀dà rẹ̀ wá fún akọ̀wé ẹ̀ka. Ní 2022, àjọ àwọn òṣìṣẹ́ àgbáyé, ILO, fi ibi iṣẹ́ tí kò léwu kún àwọn ẹ̀tọ́ ìpìlẹ̀ gbogbo òṣìṣẹ́.

Nítorí náà, a gbé ìpinnu mẹ́ta síwájú ìpàdé yìí. Èkíní, pé kò sí ọmọ ẹgbẹ́ kankan tí yóò wọ yàrà tó jìn ju mítà kan ààbọ̀ lọ láìsí ohun tó gbé ògiri ró. Èkejì, pé ẹni àkọ́kọ́ tó bá rí ìlà lórí ilẹ̀ ní àṣẹ ẹgbẹ́ láti dá iṣẹ́ dúró, ìbáà jẹ́ ọmọ iṣẹ́ tó dé lánàá, gbogbo wa á sì dúró tì í. Ẹ̀kẹta, pé kí a máa dá owó díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù fún arákùnrin wa títí tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ yóò fi tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ẹ rántí pé ilẹ̀ kì í ya níbi tí hóró rẹ̀ bá ti di ara wọn mú. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, bí ẹnìkan ṣoṣo nínú wa bá sọ̀rọ̀, wọ́n lè lé e lọ. Bí gbogbo wa bá jùmọ̀ jáde kúrò nínú yàrà, pákó ì bá ti dé kí oòrùn tó kan àtàrí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ẹni tó bá fara mọ́ ìpinnu wọ̀nyí, kó nawọ́ sókè.